Ilé Ìkàwé Abẹ́ Odi: Ta Ló Ń Gbá Ilẹ̀ Ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá. Mo tún un tò kí ó lè ṣeé kà, ṣùgbọ́n n kò yọ ohùn ẹnu kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, alága yín fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí mi, tí ọ̀kan nínú yín ń kọ lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ẹni náà, torí kò tíì parí rẹ̀. Ìlú kan wà nínú ìtàn náà tí kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé yìí. Odi ńlá kan wà láàrin ìlú, òkúta dúdú ni wọ́n fi mọ ọ́, ọ̀tá kankan kò sì wọ̀ ọ́ rí. Lábẹ́ odi yìí, níbi tí oòrùn kò dé, ilé ìkàwé kan wà tí ọba nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn méje ló ní. Iwin olójú mẹ́rìndínlógún ló ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọdẹ tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn ṣí ilẹ̀kùn keje, gbogbo ìwé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mo kà á ní alẹ́, ilẹ̀ mọ́, mo tún un kà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà, òun ni mo sì gbé wá síwájú yín: ta ló ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀?

Mo fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá bá ìwé gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ìwé kì í ṣe òkúta. Ọ̀rinrin a máa mú kí ó bu. Eku a máa fi í tẹ́ ibùsùn fún ọmọ rẹ̀. Ooru a mú kí ó gbẹ títí yóò fi máa fọ́ lọ́wọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pẹ́ lóòrùn. Ti ikán tún wá yàtọ̀. Iwin olójú mẹ́rìndínlógún lè dá ọmọ ogun dúró lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ikán kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ mọ èyí, kí n tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́. Àáfáà ni bàbá mi. Wọ́n ní àpótí onípáànù kan lábẹ́ ibùsùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́rùn wọn tọ̀sán-tòru. Ìwé tí wọ́n fi tàdáwà kọ ló kún inú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ èdè Lárúbáwá, òmíràn jẹ́ ànjẹ̀mí, ìyẹn Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, a kò sì béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n mi àgbà gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Ọdún mẹ́fà kọjá, ẹnikẹ́ni kò ṣí àpótí náà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣí i, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi di etí rẹ̀ mú lápá ọ̀tún àti òsì. A gbé e, ó fúyẹ́. Wọ́n wo ojú mi, mo wo ojú wọn. Lókè, páànù náà ṣì ń dán, àgádágodo wà ní pípé. Ìsàlẹ̀ tó kan ilẹ̀ ló ti dípẹtà, ibẹ̀ ni ikán gbà wọlé. Ìwé tó wà lókè pátápátá wà lódidi, èèpo awọ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Mo na ọwọ́ sí i láti gbé e, ìka mi sì rì wọ inú rẹ̀. Èèpẹ̀ ló kù níbẹ̀. Ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, ó wá fi èèpo kan ṣoṣo bo ojú rẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bo òkú. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí di òní olónìí.

Nítorí náà, nígbà tí mo kà nípa ilẹ̀kùn méje, mo sọ lọ́kàn ara mi pé ilẹ̀kùn ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, tó ń ṣí i, tó ń gbọn eruku rẹ̀, òun ni ilé ìkàwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé ìkọ̀kọ̀ sínú ayé tí ẹ fúnra yín dá, ẹni yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Kí ẹ má bàa rò pé àlá ni mò ń rọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Màlì. Odò Ọya tó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá yìí, òun kan náà ló gba ìtòsí Timbuktu kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ìlú náà wà ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí ràkúnmí àti ọkọ̀ ojú omi ti máa ń pàdé. Iyọ̀ ń ti àríwá bọ̀, wúrà ń ti gúúsù bọ̀, ìwé náà sì ń bọ̀. Arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Leo Africanus dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrè tí wọ́n ń jẹ lórí ìwé àfọwọ́kọ ní ìlú náà ju èrè orí ọjà mìíràn lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Kò sí ilé ìkàwé ńlá kan ṣoṣo tí ọba kọ́. Ẹbí ló ni ìwé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ń fi lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìwé Timbuktu lẹ́rú, àfi kí ó kó gbogbo ilé.

Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Ní 1591, àwọn ọmọ ogun Mòrókò la aṣálẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun ìjọba Songhai tó ń ṣàkóso Timbuktu nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n mú àwọn àáfáà ìlú. Lára wọn ni Ahmed Baba, tí wọ́n bí ní 1556. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n kó o lọ sí Marrakesh ní Mòrókò. Lọ́nà, ó já bọ́ lórí ràkúnmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nínú àwọn mọ̀lẹ́bí òun, òun ni ìwé òun kéré jù, síbẹ̀ 1,600 ìwé ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun. Ẹ ro iye tí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ ní. Kò padà dé ilé títí di 1608.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Ahmed Baba, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ará Tuwat, tí ìlú wọn wà nínú aṣálẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Àlùjíríà lónìí, kọ ìwé sí i. Wọ́n ń ra ẹrú, ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó tọ́ láti rà. Ní 1615, ó dá wọn lóhùn pé àwọ̀ dúdú kì í sọ ènìyàn di ẹrú, ó sì ta ko àwọn tó ń sọ pé èpè kan wà lórí ènìyàn dúdú. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kì báà dúdú kì báà pupa, kò ṣeé rà, kò ṣeé tà. Lẹ́yìn náà ló wá to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kò tíì gba Ìsìláàmù, àwọn tí òfin ìgbà náà gbà kí wọ́n rà. Ó dárúkọ Mossi. Ó dárúkọ Gurma, Busa, Borgu àti Dagomba. Ó sì dárúkọ Yorùbá.

Ìwé yìí wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti kọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan: orúkọ wa nìyí, nínú ìwé tó ti lé ní irinwó ọdún, ní etí aṣálẹ̀! Ìgbà tí mo rí ibi tí orúkọ náà wà ni ẹnu mi wọhò. Kò sí láàrin àwọn ọba, kò sí láàrin àwọn ọlọ́gbọ́n. Inú orúkọ àwọn tí wọ́n lè rà ló wà.

Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Nínú ìtàn tí mo kà, àwọn ìwé pe orúkọ ọmọ ọdẹ, inú ọmọ ọdẹ sì dùn. Èéṣe? Kí ni wọ́n ń pè é fún? Ohun tí a fi pamọ́ kì í ṣe wúrà nìkan. Àkọsílẹ̀ gbèsè wà níbẹ̀, ìwé ìpín ogún tó fi ẹni kan sílẹ̀ láìfún un ní nǹkan wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ta ẹni wà níbẹ̀. Ọba tó kọ́ ilé ìkàwé sábẹ́ odi lè jẹ́ pé ẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń bà á. Bí mo bá ń kọ ìtàn náà, ọmọ ọdẹ yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀, yóò ka ojú ìwé yẹn dé òpin, yóò sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀síwájú. Nígbà tí àwọn Faransé wọ Timbuktu ní 1894, ẹ̀rù ba àwọn ẹbí pé wọn yóò kó ìwé àwọn lọ. Wọ́n rì wọ́n mọ́ iyanrìn. Wọ́n fi awọ ẹran dì wọ́n, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n bò ó. Àwọn mìíràn fi amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n rẹ́ ẹ kí ó lè dà bí ògiri lásán. Wọ́n fi ìwé pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn mìíràn fi kú láì fi ibẹ̀ han ọmọ wọn, àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sì dàwátì.

Lẹ́yìn tí Màlì gba òmìnira, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1973, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Ahmed Baba, pé kí ó máa kó ìwé náà jọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìwé bàbá rẹ̀ fún ìjọba? Ní 1984, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdel Kader Haidara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Àáfáà ni bàbá tirẹ̀ náà, ẹbí wọn sì ní ìwé tiwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa lọ láti abúlé dé abúlé, lórí ràkúnmí, nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ní han òun. Wọ́n á ní àwọn kò ní nǹkan kan. Á padà lọ. Á tún wá, á jókòó, á mu tíì, á bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe èyí kí àwọn ènìyàn tó gbà á gbọ́. Nígbà tí ogun wá dé, ìgbàgbọ́ yẹn ló wúlò jù lọ ní gbogbo ìlú, ó ju irin àti kọnkéré lọ.

Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni ogun náà dé. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ oníbọn gba ìlú, kò sì pẹ́ tí àwọn agbésùnmọ̀mí tó so mọ́ Al-Qaeda fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fòfin de orin. Wọ́n fi ọkọ́ àti àáké wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ìlú, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Haidara àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa kan ìwé láìpẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ra àpótí irin lọ́jà, díẹ̀ níhìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Nígbà tí àpótí tán lọ́jà, wọ́n ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ fi àgbá epo rọ òmíràn. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á kó ìwé sí àpótí, wọ́n á gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, wọ́n á gbé e lọ sílé mọ̀lẹ́bí kan. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ń kó wọn lọ sí Bamako, olú ìlú Màlì, lábẹ́ ẹrù mìíràn, ìrìn tó tó 1,000 kìlómítà, àwọn oníbọn sì wà lójú ọ̀nà káàkiri. Nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ dí, wọ́n bọ́ sórí Odò Ọya. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí àpótí 2,500, àwọn Haidara sì sọ pé ìwé inú wọn lé ní 300,000.

Ẹ ro iye ènìyàn tó mọ̀. Ẹni tó rọ àpótí mọ̀. Ẹni tó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ̀. Ìyàwó ilé tó kó aṣọ rẹ̀ kúrò ní igun yàrá kí àpótí lè ráyè mọ̀. Awakọ̀ mọ̀, atukọ̀ mọ̀, ọmọ tó jí lóru tó rí bàbá rẹ̀ tó ń gbé ẹrù mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìlú ni ògiri náà. Nínú ìtàn tí mo kà, ọba nìkan ló mọ ilé ìkàwé abẹ́ odi. Ọ̀rẹ́ mi, bí ọba nìkan bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ọba bá wàjà ni ilé ìkàwé náà ti parí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ odi. Ilé-iṣẹ́ Ahmed Baba ní ilé tuntun kan, Gúúsù Áfíríkà ló bá wọn kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 2009. Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí gba ìlú, ilé yìí ni wọ́n sọ di bárékè. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìbọn sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Màlì ń bọ̀, wọ́n kó ìwé tó wà nítòsí jọ, nǹkan bí 4,000, wọ́n sì fi iná sun ún kí wọ́n tó sá lọ. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn dé ibẹ̀, wọ́n bá eérú àti èèpo ìwé tó jóná nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilé yẹn gan-an, níbi tí iná kò sí, yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ìwé tó lé ní 10,000 wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n ti dì dáadáa. Fún oṣù mẹ́sàn-án, àwọn oníbọn ń rìn lórí wọn. Wọ́n jẹun lórí wọn, wọ́n sùn lórí wọn. Wọn kò mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà mọ̀, wọn kò sì sọ.

Nígbà tí mo kà á nínú ìtàn yín pé ilé ìkàwé wà lábẹ́ odi, ara mi ta gìrì, torí mo mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe yàtọ̀. Nínú ìtàn yín, odi ló ń dáàbò bo ìwé. Ní Timbuktu, ọ̀tá ló wà nínú odi, ìwé sì wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ tó ni ìtàn náà, mo rò pé ìtàn tìrẹ á le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìwọ náà bá yí i padà báyìí. N kò mọ̀ bóyá wàá gbà. Ìwọ lo ni ìtàn rẹ.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó mọ ibẹ̀ bá tán pátápátá, ó wà ní Dunhuang, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Ihò àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló gbẹ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1000, àwọn kan kó ìwé tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá sínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, wọ́n mọ ògiri dí ẹnu rẹ̀, wọ́n kun ún. Wọ́n kú. Àwọn ọmọ wọn kú. Nǹkan bí 900 ọdún kọjá. Ní 1900, ọkùnrin olùfọkànsìn kan tó ń jẹ́ Wang Yuanlu, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa tún ibẹ̀ ṣe, rí i pé ògiri kan sán. Ó wó o, ó rí ìwé láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ó kéde fún àwọn aláṣẹ, wọn kò kà á sí. Ní 1907, Aurel Stein tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, ó sì fi 130 pọ́n-ún péré ra àpótí ìwé 24. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Paul Pelliot ti ilẹ̀ Faransé jókòó sínú yàrá náà pẹ̀lú àbẹ́là, ó ń yẹ nǹkan bí 1,000 ìwé wò lójúmọ́, ó sì mú èyí tó wù ú. Nínú àwọn ìwé títẹ̀ tí wọ́n kọ ọjọ́ títẹ̀ wọn sínú wọn, èyí tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 868, ibẹ̀ ló ti jáde. Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí. N kò lè bú Wang. Ó nílò owó láti tún ihò rẹ̀ ṣe, àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ògiri tó dáa jù láyé ni àwọn tó kó ìwé náà síbẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ọmọ wọn.

Èyí tó kàn mí lọ́kàn jù lọ kò pẹ́ rárá. Ní Síríà, ìlú kan wà nítòsí Damascus tó ń jẹ́ Daraya. Àwọn ọmọ ogun ìjọba sé e mọ́ láti ìparí 2012 títí di oṣù kẹjọ 2016. Bọ́ǹbù ń já bọ́ lójoojúmọ́, oúnjẹ wọ́n bí ojú. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, tí wọn kò ju ọjọ́ orí yín lọ, ń wọ inú ilé tó ti wó, wọ́n ń ṣa ìwé lábẹ́ àlàpà. Wọ́n kó nǹkan bí 14,000 sí abẹ́ ilé kan tí àwọn ènìyàn ti sá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n kan pákó, wọ́n tò wọ́n, wọ́n ṣí i fún kíkà. Kí wọ́n tó to ìwé kan sórí pákó, wọ́n á kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú rẹ̀, kí ẹni náà lè gbà á padà nígbà tí ogun bá parí.

Mo máa ń ro èyí lóru. Ẹni tí ebi ń pa, tí kò mọ̀ bóyá òun á rí ọ̀la, ń kọ orúkọ aládùúgbò tó ti sá lọ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ará ìlú kúrò, àwọn ọmọ ogun rí ibẹ̀, wọ́n sì kó ìwé náà. Orúkọ yẹn sì wà nínú wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ìtàn. Pa ilẹ̀kùn méje mọ́ bí o bá fẹ́, wọ́n dùn ún kà. Ṣùgbọ́n fún mi ní ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn tàdáwà. Jẹ́ kí ó ní ìwé kékeré kan tó kọ gbogbo orúkọ ìwé sí, sì jẹ́ kí ìwé kékeré yẹn jẹ́ ohun tó léwu jù ní gbogbo ìlú. Fún un ní ọmọ tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà, tó fẹ́ lọ ṣòwò, tàbí tó fẹ́ lọ sójú ogun. Ta ni yóò fi hàn? Ìgbà wo ni yóò fi hàn? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa bà mí, ju ti iwin lọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n fún àwọn ènìyàn láàyè láti béèrè ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn béèrè bóyá ìwé Timbuktu ti padà sílé. Mo dá a lóhùn pé Bamako kò bá wọn lára mu: aṣálẹ̀ gbẹ, òjò sì pọ̀ ní Bamako, ọ̀rinrin sì bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ìwé jà. Àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin wọlé, wọ́n sì ń ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Màlì bẹ̀rẹ̀ sí dá ti ilé-iṣẹ́ Ahmed Baba padà. Àpótí tó lé ní 200 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú gbé dé Timbuktu.

Bí a ṣe ń tú ká, ẹni tó ni ìtàn náà tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun ti rí agbálẹ̀ náà. Obìnrin ni, Àbẹ̀kẹ́ ló ń jẹ́, inú ilé ìdáná ààfin ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ènìyàn rò pé eérú ààrò ló ń lọ dà nù láràárọ̀. Ó sì ń gbé e gba ilẹ̀kùn méjèèje kọjá, ó ń bù ú sí ẹsẹ̀ pákó ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ikán.